Al-Khalil Ọmọ Ahmad: Ẹni Tó Ti Ka Ọ̀rọ̀ Kí Kọ̀ǹpútà Tó Dé

   Ìtàn ẹni ńlá kan tó ti kú láti nǹkan bí 1,200 ọdún sẹ́yìn ni a mú wá fún yín lóṣù yìí. Ṣùgbọ́n kí a tó dé Basra níbi tó gbé, ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ ní Amukoko wa níbí.

Láìpẹ́ yìí, àwọn arábìnrin ilé-kéwú wa fẹ́ lọ bá àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣe wòlímọ̀ ní Badagry. Akọ̀wé wọn tẹ ìkéde sórí fóònù rẹ̀ ní èdè Yorùbá, kò fi àmì sórí lẹ́tà kankan, kò sì fi sí abẹ́ rẹ̀. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé ọkọ̀ yóò wá gbé wọn ní Boundary lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Ẹ sì mọ àdúgbò wa: Yorùbá, Ìgbò, Haúsá, Ìjọ, Urhobo, Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn ni wọ́n jọ ń gbé ojúlé kan náà. Nítorí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa láàárín wọn, ó ní kí ẹ̀rọ inú fóònù bá òun túmọ̀ ìkéde náà sí Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi ránṣẹ́ láì tún un wò. Ẹ̀rọ náà ti sọ ọkọ̀ di ọkọ. Ohun tí àwọn ènìyàn kà ni pé ọkọ kan ń bọ̀ wá gbé gbogbo wọn lọ ní ìdájí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà ti dé ọ̀dọ̀ wa, ó fẹ́ mọ irú ọkọ tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ ní Àsùbáà.

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, a rò ó wò. Bó bá jẹ́ ìwé ìlò oògùn ni wọ́n fún ẹ̀rọ náà túmọ̀ ńkọ́? Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ pínpín ogún òkú ńkọ́? Ẹ̀rín kọ́ ni ìyẹn ì bá yọrí sí.

Irú ìṣòro yìí kì í ṣe tuntun. Ó ti bá èdè Lárúbáwá rí, lórí ohun tó ju ìrìn àjò Badagry lọ, èyíinì ni kíka Alùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé. Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí wà lára àwọn tí Ọlọ́hun fi ṣe okùnfà àtúnṣe rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni al-Khalil ọmọ Ahmad, ẹni tí wọ́n ń pè ní al-Farahidi.

ÌBÍ RẸ̀ ÀTI ÌLÚ TÓ DÀGBÀ SÍ

Ní nǹkan bí ọdún 100 Híjírà, tí í ṣe ọdún 718, ni wọ́n bí al-Khalil. Ilẹ̀ Oman ni orírun rẹ̀, nínú ẹ̀yà Azd, ní agbo-ilé Farahid tí orúkọ al-Farahidi ti wá. Àwọn onítàn sọ pé bàbá rẹ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ní Ahmad lẹ́yìn Ànábì wa. Basra ní ilẹ̀ Iraq ni al-Khalil ti dàgbà, ibẹ̀ ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́, ibẹ̀ náà ni ó kú sí.

Kò ní ṣòro fún ẹ̀yin tí ẹ mọ Apapa láti mọ irú ìlú tí Basra jẹ́. Ìlú tó súnmọ́ etí omi ni, tí ọkọ̀ ojú omi ń kó ọjà Íńdíà àti ti Páṣíà wá sí. Àwọn Lárúbáwá wà níbẹ̀, àwọn ará Páṣíà wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn láti ilẹ̀ Adúláwọ̀ náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àjèjì wọ̀nyí ti gba Ìsìláàmù, wọ́n sì fẹ́ ka Alùkùránì, ṣùgbọ́n kì í ṣe èdè ìyá wọn ni. Láyé ìgbà náà, lẹ́tà lásán ni àwọn Lárúbáwá ń kọ, wọn kì í kọ ohùn tó yẹ kí ó tẹ̀lé e. Ẹ mú lẹ́tà mẹ́ta, kāf, tā' àti bā'. Bí a bá tò wọ́n báyìí, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan kọ̀wé, ó lè jẹ́ pé wọ́n kọ nǹkan náà sílẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé àwọn ìwé ni à ń wí. Ẹni tí wọ́n bí sínú èdè náà yóò mọ èyí tó yẹ. Àjèjì kò ní ohun tí yóò fi mọ̀ ọ́n, ó sì lè ti ibẹ̀ yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun padà láìmọ̀.

Abu al-Aswad al-Du'ali, ẹni tó kú ní ọdún 69 Híjírà (688), ni wọ́n sọ pé ó kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí i. Ó fi yíǹkì aláwọ̀ mìíràn to àmì tó-tò-tó sórí lẹ́tà, sí abẹ́ rẹ̀ àti sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí òǹkàwé lè mọ ohùn tí yóò gbé e. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn mìíràn tún fi àmì tó-tò-tó ya bā' sọ́tọ̀ kúrò lára tā' àti thā'. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n àmì wá pọ̀ lórí àmì. Òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ ní yíǹkì oríṣi méjì lọ́wọ́, ẹni tí kò bá sì ríran dáadáa lè mú ọ̀kan fún èkejì.

Inú ayé yìí ni al-Khalil bá ara rẹ̀. Ó jókòó lẹ́sẹ̀ Abu Amr ọmọ al-Ala, ọ̀kan nínú àwọn aké-Kùránì méje tí ayé mọ̀, àti Isa ọmọ Umar, tó mọ gírámà Lárúbáwá dunjú. Àwọn onítàn tún sọ pé ó lọ sí Mọ́kà, ó sì bẹ Ọlọ́hun níbẹ̀ pé kí Ó fún òun ní ìmọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì ní ṣáájú òun. Ẹ ó rí i pé ìmọ̀ tí ó gbà ju ẹyọ kan lọ.

ÀMÌ ORÍ LẸ́TÀ

Ohun tí al-Khalil ṣe sí ọ̀rọ̀ àmì kò le lójú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rò ó ṣáájú rẹ̀. Ó ní dípò àmì tó-tò-tó aláwọ̀ mèremère, kí á mú lẹ́tà fúnra rẹ̀ kí á sọ ọ́ di kékeré. Ó mú wāw kékeré sórí lẹ́tà, ìyẹn di damma. Ó mú alif kékeré tó dùbúlẹ̀, ìyẹn di fat-ha. Ó mú ara yā' sí ìsàlẹ̀, ìyẹn di kasra. Ó gé orí lẹ́tà shīn, ó fi ṣe shadda. Ó gé orí lẹ́tà ʿayn, ó fi ṣe hamza. Yíǹkì kan náà ti tó, ojú kò sì ní ṣi ọ̀kan mú fún èkejì mọ́. Gbogbo ọmọ kéwú tó jókòó ti wàláà ní Amukoko, ní Ìlọrin, ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Kano, iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yìí ni ó ń kà láràárọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo bí ó ṣe kan kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ḿbà nìkan ló mọ̀, fóònù tó wà lápò yín náà sì jẹ́ kọ̀ǹpútà. Nítorí náà ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fi fẹnu kò lórí ètò kan tí wọ́n ń pè ní Unicode, èyí tó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1991, tí ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ḿbà tirẹ̀. Nínú rẹ̀, ʿayn ni 1593. Àwọn àmì al-Khalil náà gba nọ́ḿbà tiwọn: fat-ha ni 1614, damma ni 1615, kasra ni 1616, shadda ni 1617. Ohun tí ó fi gègé kọ ní Basra ti wà nínú gbogbo fóònù ayé.

Ẹ padà wá sórí ọ̀rọ̀ akọ̀wé wa. Lẹ́tà o tí kò ní nǹkan nídìí, 111 ni nọ́ḿbà rẹ̀. K jẹ́ 107. Ṣùgbọ́n ọ tó ní àmì nídìí, 7885 ni, àmì ohùn ìsàlẹ̀ tí a ń fi lé e lórí sì jẹ́ 768. Bí ẹ bá tẹ ọkọ̀ bó ṣe yẹ, ohun tí ẹ̀rọ rí ni 7885, 107, 7885, 768. Ohun tí arábìnrin wa tẹ̀ ni 111, 107, 111. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni, nítorí pé Yorùbá wà nínú ọpọlọ rẹ̀, ó ń bá a fi àmì sí i. Lójú ẹ̀rọ, ohun méjì tí kò bára tan ni. Ẹ̀rọ náà dà bí àjèjì tó wọ Basra tó fẹ́ ka ìwé tí kò ní àmì. Ó ní láti méfò, ó sì méfò.

ÌWÉ TÓ Ń JẸ́ AL-ʿAYN

Lẹ́yìn àmì, al-Khalil gbé iṣẹ́ mìíràn dìde. Ó fẹ́ kó gbogbo ọ̀rọ̀ Lárúbáwá sínú ìwé kan. Àwọn kan ń kó ọ̀rọ̀ jọ láyé ìgbà náà, wọ́n ń ṣe ìwé kékeré lórí ọ̀rọ̀ ràkúnmí, lórí ọ̀rọ̀ ẹṣin, lórí ọ̀rọ̀ òjò. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ̀ ìgbà tí ó kó wọn tán? Ẹni tó ń ṣa àgbàdo nínú òkùnkùn kò lè mọ̀ bóyá ó kù.

Al-Khalil ronú pé ọ̀rọ̀ lè pọ̀ bí iyanrìn, lẹ́tà kò pọ̀. Lẹ́tà 28 ni, wọn kò sì lè lé. Bí òun bá to àwọn lẹ́tà wọ̀nyí ní gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tò, kò sí ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí yóò bọ́ sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ fẹ́ mọ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti ń jáde. A gbọ́ pé ṣe ni ó máa ń la ẹnu, tí yóò fi lẹ́tà náà parí ohùn, bí àwọn ọmọ wa ti ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ tajwīd, títí ó fi mọ èyí tó ti ọ̀nà ọ̀fun wá, èyí tó ti orí ahọ́n wá àti èyí tó ti ètè wá. Ó tò wọ́n láti ọ̀fun bọ̀ síta. ʿAyn ló fi ṣáájú, àwọn ti ètè, fā', bā' àti mīm, wà lẹ́yìn, kí ó tó wá kan wāw, alif, yā' àti hamza. Ìdí nìyẹn tí ìwé náà fi ń jẹ́ Kitāb al-ʿAyn.

Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ mú bírò kí ẹ bá a kà á. Bí a bá mú lẹ́tà méjì tí kò jọra, 28 lọ́nà 27, ìyẹn jẹ́ 756. Bí ó bá di mẹ́ta, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 26, ó di 19,656. Bí ó bá di mẹ́rin, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 25, ó di 491,400. Bí ó bá di márùn-ún, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 24, ó di 11,793,600. Àwọn onímọ̀ tó wá lẹ́yìn rẹ̀ kọ àpapọ̀ rẹ̀ sílẹ̀: 12,305,412.

Ọ̀pọ̀ jù nínú ìtò wọ̀nyí ni ẹnikẹ́ni kì í sọ. Nítorí náà ni al-Khalil fi pín wọn sí ọ̀nà méjì: èyí tí àwọn Lárúbáwá ń lò, tó pè ní mustaʿmal, àti èyí tí wọ́n pa tì, tó pè ní muhmal. Ó kó gbogbo ìtò lẹ́tà kan náà sójú kan. Ẹ wo ʿayn, lām àti mīm. Bí ẹ bá tò wọ́n báyìí, wọ́n ń sọ nípa ìmọ̀. Bí mīm bá wọ àárín, wọ́n di iṣẹ́ ṣíṣe. Bí lām bá ṣíwájú tí ʿayn sì kẹ́yìn, wọ́n di dídán yanran. Lẹ́tà mẹ́ta kan náà ló bí ìmọ̀, iṣẹ́ àti ìmọ́lẹ̀. A kò rò pé ó yẹ kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí gbàgbé ìyẹn.

Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí bóyá òun ló parí ìwé náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn sọ ni pé òun ló fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ al-Layth sì parí rẹ̀ ní ilẹ̀ Khurasan. Ní Baghdad, láàárín ọdún 1980 sí 1985, ni wọ́n tẹ odidi rẹ̀ jáde ní ìdìpọ̀ mẹ́jọ.

A kò sọ pé al-Khalil ló ṣe kọ̀ǹpútà o. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbọ́ Lárúbáwá, wọ́n bá ilẹ̀ tí a ti ro sílẹ̀. Ní ọdún 1982, Muhammad al-Sharikh dá ilé-iṣẹ́ Sakhr sílẹ̀ ní Kuwait, láti mú èdè Lárúbáwá wọ inú kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 2002, Tim Buckwalter gbé ètò kan jáde tó ń gé ọ̀rọ̀ Lárúbáwá sí iwájú, àárín àti ẹ̀yìn, tí ó sì ń wo inú àkọsílẹ̀ bóyá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè tò pọ̀. Kí ni ìyẹn bí kò ṣe mustaʿmal àti muhmal?

LẸ́TÀ TÍ KÒ GBỌ́ ÈDÈ RẸ̀

Ìtàn kan wà tí àwọn àgbà onímọ̀ sọ nípa rẹ̀. Wọ́n ní lẹ́tà kan tí wọ́n fi èdè Gíríìkì kọ dé ọwọ́ rẹ̀, kò sì gbọ́ èdè náà. Ó jókòó tì í fún oṣù kan, ó sì tú u. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ọ̀nà tó gbà, ó ní òun rò pé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàì fi orúkọ Ọlọ́hun bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni òun ti mọ lẹ́tà díẹ̀, díẹ̀ náà sì ni òun fi mọ ìyókù.

Ẹ̀yin ará, ohun tí ẹ̀rọ òde òní ń ṣe sún mọ́ èyí. Ohun tó ti kà tẹ́lẹ̀ ni ó fi ń méfò ohun tó kàn. Al-Kindi, onímọ̀ ńlá ní Baghdad tó kú ní nǹkan bí ọdún 873, tún mú ọ̀nà náà gùn sí i. Ó kọ́ni pé bí a bá fẹ́ tú ìwé àṣírí, kí á ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jáde, nítorí pé ní èdè kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà kan a máa wọ́pọ̀ ju èkejì lọ. Ní ọdún 1951, Claude Shannon ní Amẹ́ríkà kọ ìwé lórí bí ènìyàn ṣe lè méfò lẹ́tà tó kàn nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Lónìí, wọ́n ti fún ẹ̀rọ ní ìwé tí ẹnikẹ́ni kò lè kà tán láyé rẹ̀. Bí ẹ bá bi í ní ìbéèrè, ṣe ni ó ń wọn gbogbo ọ̀rọ̀ tó lè tẹ̀ lé èyí tó wà nílẹ̀, tí ó sì ń mú nínú èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ pọ̀, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, títí gbólóhùn yóò fi pé.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ewu wà níbẹ̀. Ohun tó wọ́pọ̀ ni ẹ̀rọ ń mú, kì í ṣe ohun tó jẹ́ òótọ́. Ó lè tò hádíìsì tí Ànábì kò sọ rí, kí ó sì dùn létí. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá bi í léèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, kí ó gbé ìdáhùn náà tọ onímọ̀ lọ kí ó tó fi ṣiṣẹ́ ṣe.

ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́ RẸ̀ ÀTI AYÉ TÓ JẸ

Al-Khalil kò fi ìmọ̀ pamọ́. Ìmọ̀ ìwọ̀n ewì Lárúbáwá tí a ń pè ní ʿarūḍ, òun ló gbé e kalẹ̀. Wọ́n ní ìró òòlù àwọn alágbẹ̀dẹ bàbà lọ́jà Basra ló mú un ronú sí i. Ìwọ̀n 15 ni ó tò, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá lẹ́yìn ló fi ẹyọ kan kún un.

Lára àwọn tó kọ́ ni Sibawayh, ọmọ Páṣíà. A gbọ́ pé hádíìsì ni Sibawayh fẹ́ kọ́ nígbà tó dé Basra, ṣùgbọ́n ó ṣi gírámà lọ́jọ́ kan lójú olùkọ́ rẹ̀, olùkọ́ náà sì bá a wí. Ojú tì í. Ó pinnu pé òun yóò kọ́ ìmọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní lè fi bá òun wí mọ́, ó sì wá bá al-Khalil. Al-Khalil gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ìwé gírámà tí Sibawayh kọ ni àwọn Lárúbáwá ń pè ní Ìwé lásán, láì sọ orúkọ mìíràn mọ́ ọn. Nínú rẹ̀, ó tọ́ka sí ọ̀rọ̀ al-Khalil ní ọ̀nà tó lé ní 500. Ẹ wò ó o: àjèjì tó ṣi gbólóhùn kan ló di olórí àwọn onígírámà, nítorí pé ó rí ẹni tó kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n kí ni al-Khalil rí gbà? Ahéré onífefe ni ó ń gbé ní Basra. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan sọ pé àwọn ènìyàn ń fi ìmọ̀ rẹ̀ jẹ owó, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà nínú ahéré, tí kò ní kọ́bọ̀ méjì. Gómìnà kan, Sulayman ọmọ Habib, ránṣẹ́ sí i pé kí ó wá máa kọ́ àwọn ọmọ òun. Al-Khalil mú búrẹ́dì gbígbẹ jáde fún ìránṣẹ́ náà, ó sì jẹ́ kó yé e pé níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì ń rí èyí jẹ, òun kò ní ohun tí òun ń wá lọ sí ààfin. A kò fi èyí sọ pé kí olùkọ́ kéwú máa jẹ búrẹ́dì gbígbẹ o. À ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ìmọ̀ tí gbogbo ayé ń jẹ lónìí, ẹnì kan ló fi ebi ṣe é.

BÍ Ó ṢE KÚ

Ọ̀rọ̀ nọ́ḿbà ni wọ́n sọ pé ó ń rò lọ́jọ́ tí ikú mú un. Àwọn onítàn ní ó fẹ́ wá ọ̀nà ìṣirò kan tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọbìnrin ìránṣẹ́ lè mú un lọ sọ́dọ̀ ọlọ́jà, kí ọlọ́jà má sì lè rẹ́ ẹ jẹ. Ó wọ mọ́sálásí pẹ̀lú èrò náà lọ́kàn, kò wo iwájú, ó forí sọ òpó, ó sì ṣubú. Ìyẹn ló fa ikú rẹ̀. Àwọn kan ní ọdún 170 Híjírà (786) ni, àwọn mìíràn ní ọdún 175 (791). Kí Ọlọ́hun ṣàánú rẹ̀.

Nígbàkígbà tí a bá ka ibi yìí, ara wa a máa ṣe wọ̀ọ̀. Ọkùnrin tó ti ka ìtò lẹ́tà lé ní mílíọ̀nù 12, ohun tó gbé lọ́kàn dé ojú ikú ni ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n rán lọ sọ́jà. Ìmọ̀ tirẹ̀ kì í ṣe fún ààfin. Fún ẹni tí wọ́n lè rẹ́ jẹ ni.

ÀWA ŃKỌ́?

A padà dé Amukoko. Lónìí, ẹni tí ẹ̀rọ kò gbọ́ èdè rẹ̀ ni wọn yóò rẹ́ jẹ. Yorùbá kò ṣàì ní àmì tirẹ̀. Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843, àwọn míṣọ́nnárì ṣèpàdé lórí bí a óò ṣe máa kọ ọ́ ní Èkó ní ọdún 1875, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò lónìí ní ọdún 1974. Àwọn àgbà Mùsùlùmí wa náà fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá. Ní òpin ọdún 2013, Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń túmọ̀. Túndé Adégbọlá àti ilé-iṣẹ́ Alt-i ní Ìbàdàn, àti Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí ní Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, ti ṣiṣẹ́ kí ẹ̀rọ lè gbọ́ ohùn Yorùbá, kí ó sì lè sọ ọ́. Ní ọdún 2021, David Adelani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó gbólóhùn Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì tó lé ní 20,000 jọ fún ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ, wọ́n sì yẹ àmì orí rẹ̀ wò.

Ìwọ̀nba ni èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ̀rọ ti kà ní Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó pọ̀ jù nínú Yorùbá tí à ń kọ káàkiri, ìhòhò ni à ń kọ ọ́. Ohun tó dùn wá jù ni pé ọmọ kéwú tí kò jẹ́ fo kasra kan nínú ìwé Lárúbáwá, òun náà ló ń kọ èdè ìyá rẹ̀ láì sí àmì kankan. Ta ni yóò wá fi àmì sí i fún wa? Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé.

Ní ilé-kéwú tiwa, a ti fi ìlànà lélẹ̀. Ìkéde Yorùbá kankan kò gbọdọ̀ jáde láì ní àmì, ẹni tó bá sì fi ẹ̀rọ túmọ̀ nǹkan gbọ́dọ̀ fún ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì kà kó tó fi ránṣẹ́. Akọ̀wé tí a sọ ìtàn rẹ̀ ló ń bójú tó o. Ó ti tú pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá sílẹ̀ lórí fóònù rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn àbúrò rẹ̀, ó sì ti mọ ohùn orí ọ̀rọ̀ ju àwa gan-an lọ. Ẹ̀yin náà lè bẹ̀rẹ̀ lónìí, pẹ̀lú lẹ́tà kan tí ẹ ó kọ sí ìyá yín.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tó wúlò, kí Ó fi iṣẹ́ tẹ̀ lé e, kí Ó sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tàn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kéré jù láàárín wa. Àmín.